Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú kí ẹ tó da oògùn sínú kànga

Lọ́dọọdún, bí òjò oṣù kẹfà bá ti rọ̀ dáadáa, ohun kan náà ni wọ́n máa ń ṣe ní ọ̀pọ̀ agboolé ní Bàrígà, Ṣómólú, Muṣin àti Kétu ní Èkó. Omi kànga á ti ṣú, á máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ẹnì kan nínú ilé á sì ti máa lo oògùn ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Àwọn ayálégbé á wá dá owó jọ, wọ́n á ra ike Hypo (oògùn kílóríìnì olómi) mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á dà á sínú kànga lálẹ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi náà bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, òórùn náà á ti padà, wọ́n á sì ní ayédèrú ni oògùn tí wọ́n rà.

Oògùn náà ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ó pa kòkòrò inú omi tó bá nínú kànga lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n omi mìíràn ń sun wọlé láti inú ilẹ̀ ní gbogbo wákàtí, omi yẹn sì ti gba ẹ̀gbẹ́ sókàwéè àti ìdí gọ́tà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Nítorí náà, ìtọ́sọ́nà yìí bẹ̀rẹ̀ láti ìta wá sínú: ilẹ̀ yíká kànga ni a ó kọ́kọ́ tọ́jú, ẹnu kànga ló tẹ̀ lé e, omi ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá yí ètò yìí padà á náwó lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ náà lè gbà tó Sátidé mẹ́ta, àsìkò tó sì dára jù fún un ni oṣù kìíní sí oṣù kẹta, nígbà tí omi inú ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Bí òjò bá ti ká yín mọ́, ẹ ṣì lè ṣe é, àmọ́ kí gbogbo ilé máa se omi tí wọ́n bá fẹ́ mu títí iṣẹ́ náà fi máa parí.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Téèpù ìwọnlẹ̀ tó gùn tó mítà 30, ìwé kan àti bírò.
- Okùn gígùn kan tí ẹ so òkúta mọ́ ní ìdí.
- Sìmẹ́ǹtì àpò méjì, yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, àti bíríkìlà tó mọ iṣẹ́.
- Ìdérí kànga tó bo ẹnu rẹ̀ pátápátá, tí ó sì ṣe é tì ní kọ́kọ́rọ́.
- Korobá tuntun kan àti okùn rẹ̀, tí wọn kò ní lò fún ohun mìíràn.
- Búrọ́ọ̀ṣì líle tó ní igi gígùn, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìbòmú àti gíláàsì tó bo ojú.
- Oògùn kílóríìnì, yálà olómi tí a fi ń fọ aṣọ funfun (tí kò ní lọ́fínńdà), tàbí oníyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní HTH.
- Síríńjì kan tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu.
- Owó àyẹ̀wò méjì ní ilé àyẹ̀wò. Ẹ yà á sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni owó tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń ná sí nǹkan mìíràn.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn olómi tí wọ́n bù sínú ike omi lásán lọ́jà. Kílóríìnì máa ń pàdánù agbára rẹ̀ bí ó bá pẹ́ tàbí bí oòrùn bá ń pa á, ẹ kò sì lè mọ iye ọjọ́ tí èyí ti lò lórí àtẹ. Ẹ ra èyí tí wọn kò tíì ṣí, tí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é hàn lára rẹ̀, kí ẹ sì ka iye kílóríìnì tó wà nínú rẹ̀. Ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni mo fi ṣe ìṣirò tó wà nísàlẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ ya àwòrán ilẹ̀ yín

Ẹ má fi ojú díwọ̀n. Ẹ na téèpù láti ẹnu kànga dé gbogbo ibi tí ìdọ̀tí lè gbà wọ inú ilẹ̀: sókàwéè, gọ́tà, ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ, ibi tí jẹnẹrétọ̀ dúró sí, ibi tí ewúrẹ́ tàbí adìyẹ ń sùn, àti ibi tí wọ́n ń kó pàǹtírí jọ sí. Ẹ kọ iye mítà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ọfà tọ́ka sí ibi tí ilẹ̀ dà sí. Ní Bàrígà, apá ọ̀sà ni omi ń wọ́ lọ, nítorí náà ìdọ̀tí tó bá wà ní òkè kànga yín léwu ju èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, kódà bí iye mítà wọn bá dọ́gba.

Mítà 30 ni ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń dá lámọ̀ràn láàárín kànga àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó bá mọ Èkó á ti máa rẹ́rìn-ín. Púlọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní 120 jẹ́ nǹkan bíi mítà 18 ní 36, ààbọ̀ rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé wa wà lórí rẹ̀ jẹ́ mítà 18 ní 18, bí ẹ bá sì wọn ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì náà láti igun kan dé igun kejì, kò pé mítà 26. Ìyẹn ni pé kò sí bí ẹ ṣe lè rí mítà 30 nínú ilé yín. Èyí kò ní kí ẹ jáwọ́. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn ìpele tó kù gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tí jíjìnnà kò lè bá yín ṣe, àti pé bí sókàwéè èyíkéyìí bá sún mọ́ kànga ju mítà 10 lọ, ẹ kò gbọdọ̀ mu omi rẹ̀ láìfi oògùn sí i tàbí kí ẹ sè é, kódà bí àyẹ̀wò bá sọ lẹ́ẹ̀kan pé ó mọ́.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣàṣìṣe nìyí: wọ́n á wọn sókàwéè tiwọn, wọ́n á gbàgbé ti ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri. Èmi náà ṣe é. Mítà 14 ni mo rí láàárín kànga wa àti sókàwéè wa, mo kọ ọ́ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ìgbà tí ọmọ kan gun orí ògiri láti mú bọ́ọ̀lù rẹ̀ ló ké sí mi pé, “Bùọ̀dá, ìdérí kan wà níbí o, omi ń jáde lábẹ́ ẹ̀.” A wọ̀n ọ́n láti orí ògiri: mítà mẹ́rin, ó sì wà ní apá òkè.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí yọrí: nígbà tí òjò bá tún rọ̀, ẹ mú agbòjò, kí ẹ dúró sídìí kànga fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibi tí omi ń gbà gbọ́dọ̀ bá ọfà tí ẹ yà mu. Bí kò bá bá a mu, òjò ló jàre, ẹ tún àwòrán náà yà.

Ìpele 2: Ẹ dá ìdọ̀tí dúró níbi tó ti ń wá

Sókàwéè ni ọ̀rọ̀ tó ga jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i. Ihò méjì ló yẹ kó wà: èyí àkọ́kọ́ tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí ìgbẹ́ ti ń jókòó, àti èkejì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí omi inú rẹ̀ ń sun wọ inú ilẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ilé tó ti pẹ́ ni kò ní ju ihò kan ṣoṣo lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣí. Ilẹ̀ tó wà láàárín ìdí ihò náà àti omi ìsàlẹ̀ ló ń sẹ́ ìdọ̀tí, ó sì yẹ kí ilẹ̀ gbígbẹ yìí jìn tó mítà kan àtààbọ̀. Nígbà tí òjò bá gbé omi inú ilẹ̀ sókè tó fi kan ìdí sókàwéè, asẹ́ yẹn ti tán nìyẹn, ohun tó bá wà nínú ihò ń bá omi lọ tààrà.

Nítorí èyí, ẹ pe ọkọ̀ tó ń fa sókàwéè láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta. Àwọn tó ń dúró di oṣù keje, nígbà tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì kò bá gbà mọ́, sábà máa ń rí i pé ihò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà ti tún kún láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á sì máa bá awakọ̀ jà. Omi inú ilẹ̀ ló wọlé padà. Òun gan-an ni wọ́n sanwó fún láti fà.

Ẹ bèèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ awakọ̀ náà. Àjọ tó ń bójú tó omi ìdọ̀tí ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a mọ̀ sí LSWMO, ló ń mójú tó iṣẹ́ wọn. Ẹ bi í pé ibo ló ń gbé e lọ, kí ẹ sì dúró títí wọ́n á fi ká rọ́bà wọn. Awakọ̀ tó bá fi ẹ̀dínwó ńlá lọ̀ yín lè jẹ́ pé kánáàlì tó wà ní òpin àdúgbò ló fẹ́ tú u sí lóru, kánáàlì yẹn náà ló sì máa ń kún padà wọ agboolé tó rẹlẹ̀ nígbà òjò.

Sókàwéè aládùúgbò ńkọ́? Ẹ má fi ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fi ariwo bẹ̀rẹ̀. Mo lọ bá Alájì tó ni ilé lẹ́yìn ògiri ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kànga ló gbé mi wá.” Wọ́n ní sókàwéè àwọn ti wà níbẹ̀ kí a tó gbẹ́ kànga wa, òótọ́ sì ni. N kò bá wọn jiyàn. Mo rán wọn létí onígbáméjì tó jà ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, mo fi àwòrán mi hàn wọ́n, mo wá bi wọ́n ibi tí kànga tiwọn wà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, nítorí sókàwéè tiwa ló wà ní òkè kànga tiwọn. Ọkọ̀ kan náà ni a jọ pè, a sì pín owó rẹ̀. Bí ẹni tí ẹ lọ bá bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ lọ sí ẹ̀ka ìlera àyíká ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí wolé-wolé wá fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Gọ́tà kò gba àlàyé púpọ̀, àfi àṣìṣe kan ṣoṣo. Àwọn èèyàn á kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, wọ́n á kó o jọ sí etí gọ́tà náà kó lè gbẹ, òjò ọ̀la á sì gbá gbogbo rẹ̀ padà. Inú àpò ni kí ẹ kó o sí lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fún àwọn PSP tó ń kó ìdọ̀tí. Ẹ fi irin alásẹ́ dí ibi tí gọ́tà agboolé ti ń wọ ti ìta, kí náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà má bàa wọ kánáàlì.

Òìlì àlòkù láti inú jẹnẹrétọ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹ má dà á sí ìdí ògiri “kí ikán má bàa jẹ ẹ́”, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe. Kò sí oògùn tàbí sísè tó ń yọ òìlì tàbí bẹntiróòlù kúrò nínú omi kànga. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ fún mẹkáníìkì tó ń kó o jọ fún àwọn tó ń rà á, kí ẹ sì tẹ́ pákó tí ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé sábẹ́ jẹnẹrétọ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí yọrí: fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò gbọdọ̀ sí omi tó ń tú jáde lábẹ́ ìdérí sókàwéè kankan tó wà lórí àwòrán yín, gọ́tà gbọ́dọ̀ ṣàn láìdúró lẹ́yìn òjò, bí ẹ bá sì bu omi kànga sínú ìgò funfun tí ẹ mì í, kò gbọdọ̀ hó bí omi ọṣẹ. Omi tó ń hó lára ti bá omi ìfọṣọ pàdé níbì kan.

Ìpele 3: Ẹ tún ẹnu kànga ṣe

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Nínú àwọn ríìngì, ìyẹn òrùka kọnkéré tí wọ́n tò sínú kànga, èyí tó wà lókè gbọ́dọ̀ ga ju ilẹ̀ lọ ní ìdajì mítà ó kéré tán. Ní ìsàlẹ̀ Kétu, Agílítì àti Mile 12, níbi tí Odò Ògùn ti máa ń kún ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá nígbà tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ láti ìdídò (dáàmù) Ọ̀yán, ẹ wọn ibi tí omi dé lára ògiri ní ọdún tó burú jù, kí ẹ sì gbé ríìngì ga ju ibẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àárín ríìngì kan sí èkejì. Ibẹ̀ ni àṣírí máa ń wà. Ní ọ̀sán gangan, ẹ fi dígí tan oòrùn sínú kànga, kí ẹ sì máa wo ògiri rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè lọ sísàlẹ̀. Nínú tiwa, gbogbo ara ríìngì ló gbẹ, àfi ìlà kan láàárín ríìngì kejì àti ìkẹta, ní apá ilé Alájì. Ìlà náà kò fẹ̀ ju èékánná lọ. Omi eérú kan ń sun jáde níbẹ̀, ẹ̀kán kan tẹ̀ lé òmíràn, ewéko tútù sì ti hù yí i ká bí irùngbọ̀n. Ọdún mẹ́rin ni a ti ń da oògùn sí kànga yẹn láìwo ògiri rẹ̀ rí. Gbogbo oríkèé tó wà láti òkè títí dé mítà mẹ́ta nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì dí, kí omi tó bá fẹ́ wọlé lè kọ́kọ́ gba inú ilẹ̀ tó jìn.

Yíká kànga, ẹ tẹ́ sìmẹ́ǹtì tó fẹ̀ tó mítà kan ó kéré tán ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kó dà síta, kí ojú omi kékeré kan sì gbé omi tó bá ṣẹ́ sílẹ̀ lọ jìnnà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé bíríkìlà á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kó lè dùn ún wò, omi á sì dúró lórí rẹ̀ títí yóò fi rí ihò kékeré bá wọlé. Okùn korobá kò gbọdọ̀ sùn lórí ilẹ̀ mọ́. Ẹ kan irin sí ara ògiri kí ẹ máa fi kọ́ ọ, nítorí okùn tó bá ti fara kan ilẹ̀ tí adìyẹ yà sí máa gbé ohun tó rí níbẹ̀ lọ sínú omi.

Fún kànga ẹ̀rọ, ẹ wò ó pé páìpù ìta rẹ̀ yọ sókè ilẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, pé wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí àyè tó wà láàárín páìpù àti ilẹ̀, àti pé ìdérí rẹ̀ le. Èyí tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù àti òkúta bò kò ní ìdérí.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí yọrí: lẹ́yìn ọjọ́ méje tí sìmẹ́ǹtì ti gbẹ, ẹ da korobá omi mẹ́ta sórí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù síbì kan, bí ẹ bá sì tún fi dígí wo inú kànga, àwọn oríkèé gbọ́dọ̀ gbẹ.

Ìpele 4: Ẹ fọ kànga

Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń gbẹ́ kànga ṣe èyí. Ẹ kò gbọdọ̀ sọ jẹnẹrétọ̀ tàbí pọ́ǹpù tó ń lo bẹntiróòlù sínú kànga tàbí kí ẹ gbé e sí etí rẹ̀ nígbà tí èèyàn wà nísàlẹ̀, nítorí gáàsì olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tó lè kìlọ̀ fún ẹni tó máa pa. Ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ ní okùn ní àyà, kí èèyàn méjì sì di okùn náà mú lókè. Bí ó bá dákú, ẹ fa okùn, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì 112 tàbí 767, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn bẹ́ wọlé láti gbà á. Báyìí ni kànga kan ṣe ń pa èèyàn méjì.

Kí wọ́n fa omi náà tán bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ògiri. Ẹ jẹ́ kí omi tuntun sun, kí ẹ tún fà á tán lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí omi tó tún sun bá mọ́ débi pé ẹ lè ka ìwé ìròyìn láti ẹ̀yìn ìgò tí ẹ bù ú sí, ẹ lè tẹ̀ síwájú. Kílóríìnì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi tó dí.

Ìpele 5: Ẹ wọn oògùn, ẹ má bù ú lójú

Ẹ sọ okùn olókùúta sísàlẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀, ẹ fà á sókè, kí ẹ sì wọn ibi tó tutù. Ìyẹn ni jíjìn omi. Kànga tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mítà kan ní nǹkan bíi lítà 785 nínú mítà omi kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí omi bá jìn ní mítà méjì, lítà 1,570 ló wà níbẹ̀. Fún ẹgbẹ̀rún lítà kọ̀ọ̀kan, ẹ lo lítà kan àtààbọ̀ oògùn olómi tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Kànga tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ yìí á gba nǹkan bíi lítà méjì àti ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Bí HTH oníyẹ̀fun tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ ní, gíráàmù 77 ló tó fún ẹgbẹ̀rún lítà.

Ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ omi nínú korobá ńlá níta. HTH gbọ́dọ̀ yòrò, ẹ jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ silẹ̀, kí ẹ da èyí tó mọ́ lókè nìkan. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú. Ẹ má po kílóríìnì mọ́ oògùn tí a fi ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì tàbí ohunkóhun mìíràn, èéfín tó máa jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ máa da oògùn náà yí ògiri kànga ká, kì í ṣe sí ojú kan, lẹ́yìn náà kí ẹ fi korobá fa omi, kí ẹ dà á padà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ní pọ́ǹpù, ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi títí òórùn kílóríìnì á fi jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá tì í pa. Ó gbọ́dọ̀ wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 12 ó kéré tán. Ẹ ti ìdérí ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan pé wọn kò gbọdọ̀ fa omi náà: ọmọ tó lọ sí ilé ìwé nígbà tí ẹ ń ṣèpàdé kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀rù lè bà yín bí omi náà bá pọ́n bí tíì lójijì. Irin tó wà nínú omi ilẹ̀ wa ni kílóríìnì mú jáde, yóò lọ bí ẹ bá ti ń fà á.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ fa omi náà títí òórùn yóò fi kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dà á sínú gọ́tà tó lọ sí kánáàlì, nítorí ẹja àti àkèré máa kú nínú rẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa ni kí ẹ wọ́n ọn sí, tàbí kí ẹ gbà á sínú dúrọ́ọ̀mù tó ṣí sílẹ̀ kí oòrùn gba agbára rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé wa fi fọ ilẹ̀ ilé pátápátá, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí yọrí: ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó fa omi rárá, òórùn kílóríìnì gbọ́dọ̀ ṣì wà. Bí kò bá sí mọ́, ìdọ̀tí inú kànga ti jẹ oògùn náà tán, ẹ padà sí ìpele 4.

Ìpele 6: Ẹ gbé omi lọ fún àyẹ̀wò, ẹ má kánjú

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù nìyí. Àwọn èèyàn á da oògùn lónìí, wọ́n á gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò lọ́la, ìwé á jáde pé kò sí kòkòrò kankan, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Omi tí kílóríìnì ṣì wà nínú rẹ̀ kì í sábà ní kòkòrò, kò sì sọ nǹkan kan fún yín nípa ilẹ̀ yín. Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí oògùn náà fi máa tán pátápátá.

Ilé àyẹ̀wò ló máa fún yín ní ìgò. Ẹ má fi omi ṣan inú rẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ kan ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e sínú kúlà oníyìnyín, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín wákàtí mẹ́fà. Fún ẹni tó ń ti Bàrígà kọjá Third Mainland Bridge, aago méje àárọ̀ ti pẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé E. coli (kòkòrò inú ìgbẹ́) àti naitréètì (èròjà tó máa ń ti inú ìgbẹ́, ìtọ̀ tàbí ajílẹ̀ wọ inú omi) ni ẹ fẹ́ kí wọ́n wò. E. coli gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo nínú mílílítà 100 omi. Naitréètì kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan.

Bí E. coli bá jẹ́ òdo ṣùgbọ́n tí naitréètì ga, ẹ má dúpẹ́ tán. Nínú agboolé tí kò sí oko, sókàwéè ni ó sábà máa ń ti wá. Kílóríìnì kì í yọ ọ́, sísè á tún mú kó ki sí i, ẹ kò sì gbọdọ̀ fi omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ìpele 2 ló kù díẹ̀ káàtó. Àyẹ̀wò kejì wà fún àárín oṣù keje, nígbà tí òjò bá ti gbé omi inú ilẹ̀ sókè. Òun ló máa sọ bóyá iṣẹ́ yín dúró.

Ìpele 7: Omi mímu, táńkì àti ìwé

Títí àyẹ̀wò kejì yóò fi jáde, ẹ máa tọ́jú omi mímu lójoojúmọ́. Fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí omi rẹ̀ mọ́, ẹ fi síríńjì fa mílílítà kan àtààbọ̀ oògùn olómi kan náà; bí omi náà bá dí, ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, kí ẹ lo mílílítà mẹ́ta. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Òórùn kílóríìnì fẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Síríńjì ni mo ní kí ẹ lò, kì í ṣe ìdérí ike, nítorí ìdérí kan kò dọ́gba pẹ̀lú òmíràn.

Táńkì orí òpó ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Ẹ bá a fọ kí omi kànga tuntun tó wọ inú rẹ̀, ẹ sì wò ó bóyá ìdérí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìjì máa ń gbé e lọ. Alángbá méjì ni mo bá nínú tiwa, ọ̀kan ti gbẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí gbogbo ayálégbé ń gbà kọjá. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fa sókàwéè, ọjọ́ tí ẹ da oògùn àti iye lítà, èsì àyẹ̀wò, àti orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ kànga wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù yẹn. Ọjọ́ tí ẹ tún máa fi dígí wo ògiri kànga ni kí ẹ kọ sí ìlà tó tẹ̀ lé e: ìparí oṣù keje, àti ìparí oṣù kẹwàá.